Ẹ̀rọ gémù tí wọ́n ní ó ti kú: èsì sí lẹ́tà ọ̀sẹ̀ tó kọjá

Ẹ̀yin Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àfaradà bébà tó ń wọ́n sí i lójoojúmọ́. Lẹ́tà tí arákùnrin kan kọ sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo fẹ́ fèsì sí, èyí tó ti sọ pé àwa àgbà tí à ń tọ́jú ẹ̀rọ gémù àtijọ́, pàǹtírí là ń kó pamọ́. Ó bú wa dáadáa, mi ò bínú, ìyàwó mi náà ti sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí mi ò lè gbójú fò ni ibi tó ti ní "kò sẹ́ni tó tún ń ṣe gémù tuntun fún ẹ̀rọ tó ti kú." Hẹ̀n-ẹ́n. Ta ló sọ fún un?

Rìpíà tẹlifíṣọ̀n ni mí, Mọ́kọlá níbí n'Íbàdàn. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn kọsítọ́mà kan gbé Dreamcast kan, ẹ̀rọ gémù ilé-iṣẹ́ Sega, wá bá mi, èèyàn ẹ̀ kan ló fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, wọn ò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wọ́n kàn fi í bọ iná tiwa, ẹ̀rọ 110 nínú iná 220, ó ní ẹ̀ẹ̀kan náà ló dún "pòò" tí èéfín gba pálọ̀. Mo ṣí i. Pátákó pawa nìkan ló jó, fíúsì ẹ̀ ti dúdú, kàpásítọ̀ ńlá kan ti wú bí àkàrà tó wọ epo gbígbóná, ṣùgbọ́n ara tó kù mọ́ roro. Mo pààrọ̀ wọn, mo wá stẹ́ẹ̀pù-dáàùn kan tó ń sọ iná 220 di 110 fún un, ó tàn. Kọsítọ́mà ò padà wá, fóònù ẹ̀ ò lọ mọ́, bó ṣe di tèmi nìyẹn o.

Bátìrì kékeré tó ń bá a rántí aago ti kú tipẹ́, wọ́n sọ́dà ẹ̀ mọ́ pátákó ni, torí náà gbogbo ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ tí wọ́n tún mú un dé, ohun tó kọ́kọ́ máa ń bi mí ni pé ọjọ́ wo la wà. Ọjọ́ tó sì máa ń gbé síwájú mi ni 27 oṣù Kọkànlá 1998. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Sega kọ́kọ́ tà á ní Japan. Mo lè pààrọ̀ bátìrì yẹn, iṣẹ́ mi ni, ṣùgbọ́n ẹ mọ bí ilé oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe máa ń rí.

Ẹ̀rọ ọ̀hún ò pẹ́ lọ́jà lóòótọ́. 1999 ló dé Amẹ́ríkà, nígbà tó fi máa di oṣù Kìíní 2001 Sega ti kéde pé àwọn ò ṣe é mọ́, PlayStation 2 ti gba ọjà mọ́ wọn lọ́wọ́. Arákùnrin wa á ní "ṣé ẹ ti rí i báyìí, ó ti kú." Ó dáa. Ní oṣù Kẹrin 2013, ọdún méjìlá lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n gbé gémù kan tó ń jẹ́ Sturmwind jáde fún un láti Jámánì. Sega ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Ẹgbẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ Duranik ló ṣe é, redspotgames ló bá wọn tà á, tòun ti páálí tòun ti ìwé kékeré ẹ̀ bí ẹni pé ayé ò yí rárá. Wọ́n sì ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀ fún Atari Jaguar láyé ọdún 1997, ẹ̀rọ mìíràn tí ọjà náà ti lé kúrò nígbà yẹn, orúkọ tí wọ́n pè é nígbà náà ni Native, kò parí. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn yìí ti kúrò ní ọ̀rọ̀ owó.

Àbúrò mi tó wà ní Hamburg ló bá mi rà á. Gémù ọkọ̀ òfurufú tó ń yìnbọn ni, ìran mẹ́rìndínlógún, ọkọ̀ ẹ á máa fò láti òsì lọ sí ọ̀tún, ọ̀tá á máa ya bo ọ́ níwájú lẹ́yìn. Ohun tó dùn mọ́ mi níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìbọn. Oríṣi mẹ́ta lo ní, o lè kọjú wọn síwájú o sì lè dà wọ́n sẹ́yìn, tí ọta bá bà ọ́ o ò ní kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ lásìkò yẹn ló máa lọ, wàá wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi méjì tó kù ṣọ́ra ṣe. Èmi, èyí tí mo fẹ́ràn jù kì í sí lọ́wọ́ mi tí mo bá rí i pé ọ̀nà fẹ́ há, mo máa ń gbé èyí tí mi ò fẹ́ràn síta kó lọ jẹ ìyà. Àléébù ẹ̀ náà wà o, àwọ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ ń tàn yanran jù, nígbà míì ọta ọ̀tá á ti bọ́ sínú iná yẹn kí ojú ọmọ àádọ́ta ọdún tó rí i.

Ẹni tó bá ń ka èyí lè bi mí pé báwo wá ni wọ́n ṣe wọlé sínú ẹ̀rọ onílé láìgba kọ́kọ́rọ́. CD ti Sega fúnra wọn, oríṣi ọ̀tọ̀ ni, ó ń gba nǹkan bíi gigabyte kan, kò sẹ́ni tó lè rọ irú ẹ̀ sílé. Ṣùgbọ́n wọ́n tún fi ọ̀nà kékeré kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní MIL-CD, torí CD orin tó ní àwòrán díẹ̀ nínú, orin tó sì gba ibẹ̀ jáde ò tó nǹkan. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú rí ihò yẹn, wọ́n gba ibẹ̀ kó gbogbo gémù Sega lọ lórí CD lásán. Sega dí i nínú àwọn tí wọ́n ṣe kẹ́yìn, ó ti bọ́. Ihò tí olè gbà jáde yẹn náà ni àwọn ará Duranik gbà wọlé. Tí ẹ bá ní ọ̀kan nílé, ẹ dojú ẹ̀ dé, nọ́ńbà kékeré kan wà lábẹ́ ẹ̀ nínú róbótó. Tèmi, 1 ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó bá jẹ́ 2 ò ní gbà.

Ọmọ mi tó wà ní poli ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ó ń yọ mí lẹ́nu pé lápútọ́ọ̀pù òun ò gbé gémù tí òun fẹ́ ṣe, RAM ẹ̀, àyè tó fi ń rántí iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́, jẹ́ 16 péré. Mo ní gigabyte àbí? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní Dreamcast tó wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n yẹn náà, 16 ni, megabyte. Ó rò pé mò ń ṣàwàdà. Mega Drive, ẹ̀rọ Sega tó ṣáájú Dreamcast, tiẹ̀ wá burú jù, 64 kilobyte, fọ́tò kan lórí WhatsApp ò lè wọ ibẹ̀, ìwọ̀nba ọgọ́rin àwòrán tó ń rìn ló lè gbé sójú tẹlifíṣọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà, bí ogún bá sì ti tò sórí ìlà kan, èyí tó bá kù ò ní hàn. Mega Drive yẹn náà ni Yuzo Koshiro, ẹni tó ṣe orin gémù Streets of Rage ní 1991, àti ilé-iṣẹ́ ẹ̀ tó ń jẹ́ Ancient, tún lọ gbé kalẹ̀ tí wọ́n fi ṣe Earthion, gémù ọkọ̀ òfurufú mìíràn, 2025 ló jáde, ẹnu àìpẹ́ yìí náà nìyẹn.

Tí ẹ bá sì fẹ́ mọ ìdí tí èèyàn á fi lọ há ara ẹ̀ mọ́ irú àyè bẹ́ẹ̀, ẹ wo gémù Space Invaders. 1978 ni Tomohiro Nishikado ṣe é. Ẹ̀rọ ìgbà yẹn ò lágbára tó láti máa ya gbogbo ọ̀tá yẹn lójú kan náà, ó ń wọ́ wọn ni, ṣùgbọ́n bó o ṣe ń pa wọ́n tí wọ́n ń dín kù ni ẹrù ẹ̀ ń fúyẹ́, àwọn tó kù á wá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ pète ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin yẹn rí i, ó ní ó dùn bẹ́ẹ̀, ó fi í sílẹ̀. Gbogbo àyà tó ń já wa nílé gémù láyé ijọ́un, nígbà tí à ń fi ogún náírà gbá Terminator tí onígémù dúró tì wá lórí pẹ̀lú aago lọ́wọ́, àìlágbára ẹ̀rọ ni àwọn kan sọ di adùn fún wa.

Olóòtú, mi ò ní kí arákùnrin wa wá máa gbá gémù o. Ṣùgbọ́n nínú lẹ́tà ẹ̀ ó ní òun ti ju Sega kan tó jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n òun sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi sọ fún un, tí òjò ò bá tíì wọ inú ẹ̀, kó gbé e wá sí Mọ́kọlá. Mi ò ní gbowó iṣẹ́. Kó sáà mú owó fíúsì dání.

Èmi ni tiyín,
Rìpíà tó ń ka ìwé ìròyìn yín,
Mọ́kọlá, Ìbàdàn.