Ìkéde fún Gbogbo Aládìrẹ Ẹgbẹ́ Wa: Ẹ Máa Gbé Iṣẹ́ Yín Síta

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọjà Ìtòkú.

Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wa dára, ṣùgbọ́n inú àpótí ló ń sùn. Ẹlòmíì á ya fọ́tò aṣọ kan nígbà ọdún, ó tún di ọdún mìíràn. Ẹni tó ń wá aṣọ ìgbéyàwó lónìí, ẹni tó rí iṣẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ yìí ló máa pè.

Ẹ má dúró dìgbà tí aṣọ bá parí. Ẹ fi hàn bí ẹ ṣe ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ, bí ẹ ṣe ń tú ìko tí ẹ fi di aṣọ, àti bí aṣọ ṣe ń jáde nínú ìkòkò aró ní àwọ̀ ewé kí afẹ́fẹ́ tó sọ ọ́ di búlúù. Àwọn tó ń ta ayédèrú tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà ò lè bá wa débẹ̀. Ìkòkò wo ni wọ́n fẹ́ fi hàn?

Láti ọ̀sẹ̀ yìí lọ, kí kálukú máa gbé fọ́tò tàbí fídíò kékeré kan sórí WhatsApp tàbí Facebook ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Ìta gbangba ni kí ẹ ti yà á. Iná gílóòbù máa ń ba àwọ̀ aró jẹ́ nínú fọ́tò. Ẹ kọ iye rẹ̀ síbẹ̀. (“Ẹ pè mí kí n sọ iye” ń lé oníbàárà sá, ẹ dákun.) Ẹ má sì gbé iṣẹ́ ẹlòmíì bíi tiyín.

Ẹni tí fóònù rẹ̀ kò bá ya fọ́tò dáadáa, kó kó aṣọ wá sí ìpàdé. Àwọn ọmọ wa máa bá a yà á lọ́fẹ̀ẹ́.

Akọ̀wé ẹgbẹ́, Abẹ́òkúta