Póíǹtì ni àbí owó? Lẹ́tà sí Bísí ní Houston

Sùúrùlérè, Èkó

Bísí ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà, ìwọ, bàbá Tóbi àtàwọn ọmọ? Ara wa náà le, a dúpẹ́. O béèrè bóyá póíǹtì ni kí ẹ fi ra tíkẹ́ẹ̀tì Dìsẹ́ḿbà wá sí Èkó àbí owó, ìyẹn póíǹtì tí káàdì báǹkì àti iléeṣẹ́ bàálù máa ń fún oníbàárà wọn. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má fi póíǹtì ra ti gbogbo ilé. Ẹ fi ra ti bàbá Tóbi nìkan, kí ẹ sanwó fún ìwọ àtàwọn ọmọ.

Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ bàálù máa ń dín owó ọmọdé kù tó bá jẹ́ ìrìnàjò òkè òkun. Ọmọ tó ti pé ọdún 2 tí kò tíì pé 12 sábà máa ń san bíi 75% owó àgbà, ọmọ ọwọ́ tó bá jókòó lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ a sì san bíi 10%. Póíǹtì kì í sábà mọ ọmọdé. Iye tí wọ́n bá yọ fún bàbá ni wọ́n máa yọ fún Tóbi náà. Flying Blue, ètò póíǹtì ti Air France àti KLM, wà lára àwọn díẹ̀ tó ń dín ti ọmọdé kù. Ẹni tí owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wọ́n jù ni kí ẹ fi póíǹtì rà fún.

Ìṣirò rẹ̀ ò le. Mú owó tíkẹ́ẹ̀tì, yọ owó orí tí ẹ máa san lórí ti póíǹtì kúrò, kí o wá fi iye póíǹtì pín èyí tó kù. Ká ní bàálù kan jẹ́ $1,800, tí wọ́n sì ń béèrè póíǹtì 70,000 pẹ̀lú $250. $1,550 ló kù, póíǹtì kan á jẹ́ sẹ́ǹtì 2.2. Ẹ rà á kíákíá. Ṣùgbọ́n tí bàálù yẹn kan náà bá di póíǹtì 160,000, bó ṣe máa ń rí nígbà Kérésì, póíǹtì kan ò tó sẹ́ǹtì kan mọ́. Ó sì wà nínú káàdì Amẹ́ríkà tó jẹ́ pé ẹ lè gba sẹ́ǹtì kan gbáko lórí póíǹtì kan láìwọ bàálù rárá! Lójú tèmi, tí kò bá ti tó sẹ́ǹtì 1.4, ẹ sanwó. Ṣùgbọ́n irú tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ni kí ẹ fi wéra o. Èyí tí kò gba ẹrù kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tó gba báàgì méjì, ta ló sì ń bọ̀ wálé Dìsẹ́ḿbà lọ́wọ́ òfìfo?

Ẹ ṣọ́ra fún owó tí wọ́n ń pè ní owó epo. British Airways àti Virgin Atlantic lè bù ú lé tíkẹ́ẹ̀tì póíǹtì títí yóò fi di ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún dọ́là. Ẹ kọ́kọ́ wo United tó ń gba Washington, tàbí Delta tó ń gba Atlanta.

Tí o bá ń wá ìjókòó, ẹnì kan ni kí o kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn náà méjì, kó tó di mẹ́ta. Tí ìjókòó olówó pọ́ọ́kú bá ku méjì, tí o wá béèrè mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, iye tó ga ni wọ́n máa gbé fún gbogbo yín. Bó ṣe rí lórí owó náà nìyẹn.

Ibi tó ti sábà máa ń dàrú ni pé tíkẹ́ẹ̀tì yín á pín sí ọ̀nà méjì. Tí wọ́n bá fagi lé bàálù, kọ̀ǹpútà wọn ò mọ̀ pé ẹbí kan ni yín. Ó lè gbé ìwọ àtàwọn ọmọ sí ti òní, kó gbé bàbá Tóbi sí ti ọ̀la, ẹni tó ń bọ̀ wá gbé yín ní Ìkejà á sì jẹ gò-ṣíló Òṣòdì lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù, kí wọ́n kọ nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì sára wọn. Àwọn ọmọ ò sì gbọ́dọ̀ dá wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì tiwọn, ọ̀dọ̀ rẹ ni kí wọ́n wà.

Ẹ má fi póíǹtì ra àlọ kí ẹ wá fi owó ra àbọ̀. Àlọ nìkan tàbí àbọ̀ nìkan lórí owó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ́n tó àlọ-àtàbọ̀, ṣùgbọ́n lórí póíǹtì, ìdajì ló sábà máa ń jẹ́. Bíi ọjọ́ 330 ṣáájú ni wọ́n ń ṣí ìjókòó sílẹ̀, nítorí náà ẹ lè fi póíǹtì mú àlọ, kí ẹ dúró de àbọ̀ ti Jánúárì, kí ẹ sì fi póíǹtì mú òun náà.

Ẹ má tíì gbé póíǹtì láti inú káàdì lọ sọ́dọ̀ iléeṣẹ́ bàálù títí ẹ ó fi rí ìjókòó, kí ẹ sì pè wọ́n kí wọ́n jẹ́rìí sí i. Póíǹtì tó bá ti lọ kì í padà sínú káàdì. Nígbà mìíràn sì rèé, ìjókòó tí ò sí ni wọ́n ń pàtẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pàápàá ti iléeṣẹ́ mìíràn tí wọ́n jọ ń ṣe pọ̀.

Àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì póíǹtì lórí WhatsApp, ẹ má dá wọn lóhùn. Póíǹtì ẹlòmíràn ni wọ́n ń tà, iléeṣẹ́ sì lè fagi lé e nígbà tí ẹ bá ti di ẹrù tán. Èyí tí o ní kí n bá ẹ ra níbí ní náírà, kò sí èrè ńbẹ̀: ibi tí ìrìnàjò ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣírò owó rẹ̀, Houston lẹ sì ti ń bẹ̀rẹ̀.

Fi ọjọ́ ìbí ọmọ kékeré ránṣẹ́ sí mi. Tó bá máa pé ọdún méjì kí ẹ tó padà, ó gbọ́dọ̀ ní ìjókòó tirẹ̀ nígbà àbọ̀, ìyẹn á sì yí gbogbo ìṣirò yìí padà. Fi ọjọ́ tí iléèwé Tóbi máa wọlé kún un.

Bá mi kí bàbá Tóbi.

Èmi ni,
Dúpẹ́