Táìmù-tébù Ló Yà Wọ́n, Kì í Ṣe Ọpọlọ

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka lẹ́tà kan nínú ìwé ìròyìn yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, èyí tó sọ pé Ọlọ́run ti dá ìṣirò mọ́ ọmọkùnrin, ó sì dá èdè mọ́ ọmọbìnrin. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba kí n tó fẹ̀yìntì, n kò sì lè dákẹ́, nítorí ohun tí ojú mi rí ni pé ọwọ́ ilé ẹ̀kọ́ wà nínú ìyàtọ̀ tí a ń dì ru Ọlọ́run yìí.

Ní ibì kan tí mo ti ṣiṣẹ́, inú táìmù-tébù ni a ti kọ́kọ́ pín àwọn ọmọ náà níyà. Wákàtí kan náà ni a fi ẹ̀kọ́ oúnjẹ sísè àti yíya àwòrán iṣẹ́ ẹ̀rọ sí. Kò sí òfin tó ní kí ọmọbìnrin má ya àwòrán, ṣùgbọ́n bí olùkọ́ tó ń kọ orúkọ bá wò ó lójú, tó ní, "Ìwọ náà? Ṣé o fẹ́ di mẹkáníìkì ni?", ọmọ ọdún 13 wo ni kò ní fà sẹ́yìn? Láàbù físíìsì wa tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ mẹ́wàá ló ń pín ohun èlò kan ṣoṣo lò: ọkùnrin ni yóò dì í mú, obìnrin ni yóò máa kọ nọ́ńbà sílẹ̀, nítorí pé ìwé tirẹ̀ mọ́. Nígbà tí ìdánwò bá wá dé, tí olúkúlùkù dá dúró nídìí tábìlì tirẹ̀, ẹni tí kò fọwọ́ kan nǹkan rí ni a ó sọ pé kò ní ọpọlọ. Mo bẹ olùkọ́ físíìsì, ó sì gbà kí àwọn ọmọbìnrin ní ẹgbẹ́ tiwọn fún sáà kan. Wọ́n kọ́kọ́ fọ́ gíláàsì (ọ̀gá wa kò jẹ́ kí n gbàgbé owó rẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìntì), ṣùgbọ́n kí sáà náà tó parí, àwọn ọkùnrin ti ń yọjú wo bí wọ́n ṣe ń so wáyà tiwọn.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀. Lọ́dún 1859 ni ìjọ CMS dá ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn ọkùnrin sílẹ̀ ní Èkó. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni ti obìnrin tó dé. Nígbà tí Abẹ́òkúta Grammar School ṣílẹ̀kùn fún ọmọbìnrin lọ́dún 1914, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọlé. Olóyè Fọlákẹ́ Ṣólańkẹ́, obìnrin àkọ́kọ́ tó di SAN (àgbà agbẹjọ́rò ilẹ̀ Nàìjíríà), lọ́dún 1981, Látìnì àti ìṣirò ló kọ́kọ́ gboyè nínú rẹ̀. Ìyá tèmi, tó ń ta èlùbọ́, kò mọ̀ọ́kọ kò mọ̀ọ́kà. Síbẹ̀, yóò ti fi orí ṣírò èrè àpò mẹ́wàá tán kí èmi tó rí bírò mi.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé obìnrin nìkan ni mò ń gbè lẹ́yìn. Nínú àwọn tó gba kírẹ́dìtì márùn-ún, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò wà nínú rẹ̀, nínú ìdánwò WAEC ọdún 2023 ní ilẹ̀ wa, àwọn obìnrin lé ní ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ìṣirò bá jẹ́ àdámọ́ ọkùnrin, ẹ bá mi wádìí ibi tí àdámọ́ náà gbà lọ. Èmi rí ọ̀kan nínú ọ̀nà tó gbà. Bí ọmọbìnrin bá ṣẹ̀, orí ìkúnlẹ̀ nínú kíláàsì ló wà, etí rẹ̀ sì ń gbọ́ ẹ̀kọ́. Bí ọmọkùnrin bá ṣẹ̀, àdá ni a ń gbé lé e lọ́wọ́ pé kó lọ gé koríko, wákàtí ìṣirò yóò sì kọjá lórí rẹ̀. Bí ó bá tún pa ilé ẹ̀kọ́ jẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, tó lọ ń ru ẹrù ní gáréèjì, ẹnikẹ́ni kì í bi í. A ní ọkùnrin ni, yóò rí ọ̀nà gbé e gbà.

Ẹ bá mi sọ fún Iléeṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ ní àwọn ìpínlẹ̀ wa pé kí wọ́n gba táìmù-tébù ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan àti ìwé tí a ń kọ ìjìyà sí, kí wọ́n gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kò ní ná ìjọba ní kọ́bọ̀. Ní ti ẹni tó kọ lẹ́tà ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bí ó bá ní ọmọbìnrin nílé, kó bi í léèrè ẹni tó máa ń di ohun èlò mú nínú láàbù wọn.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìntì, Ìbàdàn.