Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Wa Náà Fẹsẹ̀ Rin Etí Òkun

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ kú làálàá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí síta kí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí wa ní Ìlú Ọba tó parí ètò ìsinmi ọdún yìí.

Tí oòrùn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ràn díẹ̀ níbí, bọ́ọ̀sì ńlá la máa ń háyà. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù á lọ sí Southend tàbí Margate, àwọn ará Manchester á lọ sí Blackpool, àwa tí a wà ní Cardiff á lọ sí Barry Island. A ó gbé kúlà ìrẹsì dání, a ó gbé ẹ̀rọ orin, a ó ya fọ́tò lórí iyanrìn, tó bá sì di ìrọ̀lẹ́, ó dilé. Ó dára bẹ́ẹ̀, pàápàá fún àwọn àgbà tí kò ráyè jókòó láti ọdún dé ọdún. Àmọ́ àwọn ọmọ wa tó ti lé ní ọdún mẹ́tàlá nílò ohun tó ju èyí lọ. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yọ ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ìsinmi ilé-ìwé, kí wọ́n kó àwọn ọmọ yẹn lọ sí etí òkun Pembrokeshire ní Wales, kí kálukú gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, kí wọ́n máa fẹsẹ̀ rìn lọ́sàn-án, kí wọ́n sì máa sùn nínú àgọ́ lálẹ́.

Mo mọ èsì tí àwọn òbí kan máa fọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Peckham ti fọ̀ ọ́ fún mi: “Ṣé torí ká lè tún padà lọ sùn sínú igbó la ṣe wá sí Ìlú Ọba?” Mi ò bá a jiyàn. Ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ alẹ́ kó tó rí owó ilé san lẹ́tọ̀ọ́ láti fẹ́ràn bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Àmọ́ ó gbà kí ọmọ rẹ̀ obìnrin bá èmi àti ọmọ mi ọkùnrin lọ ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá, ohun tí mo sì rí lára ọmọ yẹn ló jẹ́ kí n mú bíírò.

Ọ̀nà tí mò ń sọ yìí gùn tó máìlì 186, láti St Dogmaels ní àríwá títí dé Amroth ní gúúsù. Orí bèbè àpáta ló gbà lọ, òkun wà nísàlẹ̀ lápá kan, oko àwọn àgbẹ̀ wà lápá kejì. Kò tẹ́jú rárá. Gbogbo ibi tí odò kékeré bá ti ń wọ òkun lèèyàn máa sọ̀ kalẹ̀ dé etí omi, á sì tún gun òkè padà. Wọ́n ti ṣírò rẹ̀ pé ẹni tó bá rìn ín tán ti gun òkè tó ju gíga Everest lọ. Àwa ò rìn ín tán. A bẹ̀rẹ̀ ní Strumble Head, níbi tí ilé gogoro kan wà tó ti ń tanná tọ́ ọkọ̀ òkun sọ́nà láti 1908, a gba St Davids, Solva àti Newgale, a sì parí ẹ̀ ní Sandy Haven.

Kò tíì pẹ́ tí a bẹ̀rẹ̀ tí a fi ṣí gééètì kan wọ inú pápá tí àwọn màlúù ti ń jẹko. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dúró sójú kan. Ó ní, “Àǹtí, ta ló ni ibí? Ṣé wọn ò ní lé wa?” Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí ní akínyẹmí ara. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí ọmọ yìí sí. Ibẹ̀ ló ti lọ jẹ́lé-ó-sinmi. Pásípọ́ọ̀tù wọn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ọ̀dà títì tán lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rò pé òun ti wọ ilé onílé.

Mo ṣàlàyé fún un bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Àgbẹ̀ ló ni pápá, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ń rìn ló ni ojú ọ̀nà. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ronald Lockley, tó mọ̀ nípa ẹyẹ àti ẹranko dáadáa, ló rin etí òkun yìí wò ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 láti fi ibi tí ọ̀nà lè gbà hàn. Ìjọba fọwọ́ sí i ní 1953. Wọ́n wá ní láti bá onílẹ̀ kọ̀ọ̀kan sọ ọ́, oko dé oko, títí di 1970 kí wọ́n tó ṣí i. Láti ìgbà náà, onílẹ̀ kan ò kàn lè jí lọ́jọ́ kan kó ní òun ti tì í pa. Ní 2012, Wales ṣe bẹ́ẹ̀ yí gbogbo etí òkun rẹ̀ ká, ó lé ní máìlì 800, a ò sì san kọ́bọ̀ lẹ́nu gééètì kankan. Ọmọ náà gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, kò sọ nǹkan kan. Àmọ́ láti ìgbà náà, òun ló ń ṣíwájú wa, òun ló ń ṣí gééètì, òun náà ló ń kọ́kọ́ kí àwọn tí a bá pàdé lọ́nà. Nínú gbogbo àwọn tí a bá pàdé yẹn, mi ò rí ọmọ Yorùbá kan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa oúnjẹ, nítorí mo mọ̀ pé ìbéèrè àwọn ìyá nìyẹn. Gàrí gbayì ní ìrìnàjò báyìí ju gbogbo ohun tí àwọn òyìnbó ń rà ní ṣọ́ọ̀bù wọn lọ. Kò wúwo, kò nílò iná, omi tútù tó. A gbé gàrí Ìjẹ̀bú, kúlíkúlí, ẹja gbígbẹ àti ata díndín tí mo rọ sínú ike tó ní ìdérí líle. Sítóòfù gáàsì kékeré kan wà fún tíì ní àárọ̀. Ohun tó yẹ kéèyàn gbé púpọ̀ ni omi, torí pé láti abúlé kan sí èkejì lè gba wákàtí mẹ́ta, mẹ́rin.

Ti àgọ́ ńkọ́? Òfin Wales àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kéèyàn kàn pàgọ́ síbi tó bá wù ú láìgba àṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀. Scotland nìkan ló fàyè gba irú ẹ̀ káàkiri, láti ara òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2003. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Dartmoor, ilẹ̀ olókè gbalasa kan ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ló yàtọ̀, ilé-ẹjọ́ tó ga jù sì ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀ ní 2025. Nítorí náà oko àwọn àgbẹ̀ tó ń gbàlejò la sùn. Owó tí wọ́n ń gbà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan ò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó òtẹ́ẹ̀lì, ẹ ó rí omi ẹ̀rọ, ilé ìtura àti ibi ìwẹ̀. Kí ẹ tètè bá wọn sọ ọ́ sílẹ̀ o, nítorí ìparí oṣù kẹjọ máa ń kún.

Ní oko kan lẹ́bàá St Davids, atẹ́gùn dé bí a ṣe ń tú àgọ́ jáde. Láti orí òkun ló ti ń fẹ́ bọ̀, kò sí igi kan tó lè dí i lọ́wọ́. Aṣọ àgọ́ wú bí agbádá ọkùnrin tó ń sáré lójú ìjì. Ọmọ mi ju ara rẹ̀ lé e, ó dùbúlẹ̀ gbalaja lórí rẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sì ń kan èèkàn. Ilẹ̀ ibẹ̀ le, òkúta wà nísàlẹ̀ koríko, èèkàn àkọ́kọ́ tẹ̀ kọdọrọ. Ó yọ ọ́, ó sún un síwájú díẹ̀, ó dà á ní ìdàkejì ibi tí okùn máa fà sí, ó sì fi òkúta pẹlẹbẹ kan kàn án wọlé. Ó ní kí àbúrò òun máà tíì dìde. Ó kan gbogbo rẹ̀ tán, ó ń fa okùn wò níkọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń sọ pé kò lè palẹ̀ yàrá ara rẹ̀ mọ́ ni mò ń sọ yìí. Òjò rọ̀ mọ́jú, ẹ̀kán omi kan ò kán sí wa lára.

Fún àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wa, St Davids nìkan tó ìdí láti lọ. Ìlú tó kéré jù lọ nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní city ní Ìlú Ọba ni, síbẹ̀ kàtídírà rẹ̀ jẹ́ èyí tí àwọn èèyàn ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Póòpù Callixtus Kejì, ní nǹkan bí ọdún 900 sẹ́yìn, sọ pé ẹni tó bá lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì dà bí ẹni tó lọ sí Róòmù lẹ́ẹ̀kan. Kànga St Non wà lórí bèbè òkun níbẹ̀, níbi tí wọ́n gbà pé St Non ti bí Dáfídì Mímọ́, ẹni mímọ́ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ìlú náà. Ọ̀nà etí òkun gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an. Àwọn ìjọ wa tó máa ń gun òkè lọ gbàdúrà nílé, kí ló dé tí wọn ò tíì gbọ́ nípa ibẹ̀?

Ní ìlú yìí kan náà, ìyá kan ń bá ọmọ rẹ̀ sọ èdè Wales nínú ṣọ́ọ̀bù, kò bojú wẹ̀yìn bóyá ẹnì kan ń gbọ́. Bí a ṣe jáde, mo ní Yorùbá nìkan la óò máa sọ títí a ó fi dé Solva. Wọ́n gbìyànjú. Èyí tí wọn ò mọ̀, wọ́n bi mí.

Mo wá fẹ́ kí àwọn tó máa ṣètò fetí sílẹ̀ dáadáa lórí ọ̀rọ̀ òkun fúnra rẹ̀. Ọmọ Ìlàjẹ ni mí. Mo mọ Ayétòrò, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, mo sì mọ àwọn àdúgbò ibẹ̀ tí òkun ti gbé lọ. A ò kọ́ mi láti bẹ̀rù omi, ṣùgbọ́n a kọ́ mi pé ẹnikẹ́ni kì í fojú di í. Ní Wales, òkun máa ń kún, ó sì máa ń fà lọ́nà tó lágbára púpọ̀. Etíkun tó fẹ̀ lọ salalu ní aago mẹ́wàá lè ti wọmi dé ẹsẹ̀ àpáta ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ẹni tó bá sì ti rìn kọjá igun àpáta kan kò ní rọ́nà padà. Ìwé pélébé kan wà tí wọ́n ń tà ní àwọn ṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ tó kọ wákàtí kíkún àti fífà òkun fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ rà á. Kí ẹ sì wò ó dáadáa bóyá wọ́n ti fi wákàtí kan tí a fi ń sún aago síwájú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kún un, torí pé òmíràn ò fi kún un.

Sandy Haven ni ibi tí àwọn ọmọ ti fojú ara wọn rí ohun tí mò ń wí. Ọ̀nà sọ̀ kalẹ̀ dé ẹnu odò, omi ló wà níwájú wa, kò sí ojú ọ̀nà. Ibẹ̀ ṣeé kọjá láti nǹkan bíi wákàtí méjì ààbọ̀ ṣáájú kí omi tó fà tán títí di wákàtí méjì ààbọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, èèyàn á rin nǹkan bíi máìlì mẹ́rin yípo. Ìwé wa sọ pé ó kù díẹ̀. A jókòó, a po gàrí. Bí a ṣe ń jẹ ẹ́, omi ń lọ. Ewéko òkun kọ́kọ́ yọrí, lẹ́yìn náà ẹrẹ̀, ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tó ń léfòó rọra fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ojú ọ̀nà tí a fẹ́ gbà sì yọ, ó ń kán omi. Ọmọ mi fẹ́ dìde. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wo aago, ó wo ìwé, ó ní, “Ó kù ìṣẹ́jú mẹ́wàá, jókòó.” Ó sì jókòó.

Àwọn òfin yòókù ò pọ̀. Kí ọmọ kankan má ṣe dúró sí etí bèbè ya fọ́tò, ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń já. Kí wọ́n wẹ̀ níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ RNLI, ẹgbẹ́ tó ń gba ẹ̀mí là lójú òkun, wà nìkan, láàárín àsíá pupa-òun-yẹ́lò, bíi ti Whitesands àti Newgale. Tí ewu bá dé, 999 ni kí ẹ pè, kí ẹ sì béèrè Coastguard, àwọn ẹ̀ṣọ́ etí òkun. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń sọnù láwọn kòtò, nítorí náà ẹ gbé máàpù oníwèé dání. Bí ẹ bá ń lọ sí apá gúúsù, àwọn sójà máa ń yìnbọn ṣe ìdánrawò ní Castlemartin, wọ́n sì máa ń ti ọ̀nà níbẹ̀ láwọn ọjọ́ kan. Láti ìparí oṣù kẹjọ, àwọn ẹran òkun tí wọ́n ń pè ní seal máa ń bímọ sórí òkúta nísàlẹ̀ bèbè. Òkè ni kí ẹ ti wò wọ́n, kí ẹ máà pariwo, torí ìyá lè pa ọmọ tì bí ẹ̀rù bá bà á.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé àwọn ọmọ wa ló ń ṣe Duke of Edinburgh's Award, ètò àmì-ẹ̀yẹ onípele mẹ́ta fún àwọn ọ̀dọ́, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1956. Ìrìn ẹsẹ̀ àti sísùn nínú àgọ́ wà nínú rẹ̀: ọjọ́ méjì fún Bronze, mẹ́ta fún Silver, mẹ́rin fún Gold. Àwọn yunifásítì àti agbanisíṣẹ́ mọ iyì rẹ̀. Mo mọ àwọn òbí tí kò bu ọwọ́ lu fọ́ọ̀mù náà nítorí pé wọ́n rò pé ìlera ọmọ wọn ò ní gbà á. Ọmọ tó bá ti bá ẹgbẹ́ wa rìn lẹ́ẹ̀kan á mú fọ́ọ̀mù yẹn wá sílé, ìyá rẹ̀ ò sì ní bẹ̀rù.

Ọkọ̀ ojú irin wà láti Cardiff títí dé Haverfordwest àti Fishguard, bọ́ọ̀sì kéékèèké sì ń rìn ní etí òkun náà, torí náà kò pọn dandan kí ẹgbẹ́ háyà mọ́tò. Ìyá kan tàbí bàbá kan tó mọ etí òkun kí ó wà pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin. Àgọ́ méjì wà nílé mi tí mo lè yá ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ yan ọjọ́, mo sì ṣe tán láti bá wọn rin láti St Davids dé Newgale, kí n sì kọ́ àwọn aṣáájú wọn bí a ṣe ń ka ìwé òkun. Kí wọ́n kọ̀wé sí mi nípasẹ̀ Olóòtú kí oṣù karùn-ún tó parí, nítorí àwọn oko kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ Ìlàjẹ, Cardiff