Àwọn ọmọ wa kò mọ Àìná Ọnàbólú

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Olùkọ́ ni mí níbí ní Iléṣà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bi àwọn ọmọ kíláàsì mi pé ta ló kọ́kọ́ jà kí àwòrán yíyà di ẹ̀kọ́ ní iléèwé wa. Kẹ́kẹ́ pa. Ó dùn mí wọra.

Àìná Ọnàbólú ni, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí ní 1882. Akọ̀wé kọ́sítọ́ọ̀mù ni l'Ékòó, ó sì ń kọ́ ara rẹ̀ ní àwòrán. Ní 1906, ó fi ọ̀dà tí wọ́n fi omi pò ya Ìyáàfin Spencer Savage sórí bébà. Ẹni tó bá ti fi irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ rí mọ̀ pé kò fi bẹ́ẹ̀ gba àtúnṣe: bí búrọ́ọ̀ṣì bá ti kan bébà báyìí, bébà ti mu ún nìyẹn. Ojú àti ọwọ́ rẹ̀ dájú!

Ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1920. Nígbà tó dé ní 1922, láti iléèwé kan sí èkejì ló ń lọ kọ́ àwọn ọmọ l'Ékòó. Òun náà ló rọ ìjọba títí wọ́n fi mú Kenneth Murray, olùkọ́ àwòrán láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá ní 1927, Murray tó wá di alábòójútó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ilẹ̀ wa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbé ìtàn bàbá yìí sí ojú ìwé àwọn ọmọdé, kí ẹ sì fi àwòrán 1906 náà sí i.

Olùkọ́ kan, Iléṣà