Ẹ̀sùn Lórí Ọfà Tí Kò Bá Ọrun Mu àti Ìwà Òṣìṣẹ́ Yín

Ìsánlú,
Ìlà-Oòrùn Yàgbà,
Ìpínlẹ̀ Kogí.

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Olú Iléeṣẹ́ Yín,
Èkó.

Ọ̀gá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti kí àwọn òṣìṣẹ́ yín títí, lórí fóònù, lórí WhatsApp, nínú ímeèlì, kó tó di pé mo jókòó kọ ìwé yìí sí ẹ̀yin fúnra yín. Gbogbo ohun tí mo rà wà lákọsílẹ̀ lọ́dọ̀ yín, mo sì fi ẹ̀dà ìwé owó mi sínú àpò ìwé yìí, nítorí náà n kò ní í kà á lẹ́sẹẹsẹ. Ohun tí ẹ kò ní lákọsílẹ̀ ni ohun tí wọ́n fojú mi rí láti ọjọ́ tí mo ti ní àwọn ọfà yẹn kò bá ọrun mu.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò le. Ọrun compound, ọrun ìgbàlódé tó ní àgbá tó ń yí lókè àti nísàlẹ̀, tí wọ́n ń fà ní páùn 70, ni ẹ tà fún mi. Ìwé owó tí ẹ fọwọ́ sí sọ pé ọfà 340 ni mo san owó rẹ̀; kì í ṣe iye ọfà ni 340 yẹn, nọ́ńbà tó ń sọ bí ọfà ṣe le tó ni. Ọfà tó wà nínú páálí, 500 ni wọ́n kọ sí i lára. Ẹni tó di ẹrù ló ṣì í dì. Ká ní wọ́n bẹ̀ mí lọ́jọ́ náà, tí wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán.

Òṣìṣẹ́ yín tí mo kọ́kọ́ pè ní kí n ya fídíò ọfà náà ránṣẹ́. Ẹni tó bá mọ Ìsánlú mọ ohun tí fífi fídíò ránṣẹ́ ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Mo wá ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára, mo fi ránṣẹ́. Wọ́n wò ó, mo rí i pé wọ́n wò ó, ẹnikẹ́ni kò dá mi lóhùn. Mo pè padà, òmíràn ní WhatsApp kọ́ ni wọ́n ń gba ẹ̀sùn sí, kí n kọ ímeèlì. Mo kọ ọ́. Ẹ̀rọ ló dá mi lóhùn pé wọ́n ti gba ìwé mi, wọ́n mọ rírì mi. Mo tún pè, wọ́n ní ẹni tí ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ wà ní ìsinmi. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tì mí láti ọwọ́ ẹnìkan sí ọwọ́ ẹlòmíràn, ẹni tí mo bá sì bá lórí fóònù á ní kí n bẹ̀rẹ̀ àlàyé látìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó yá, arábìnrin kan tó mọ ọ̀rọ̀ sọ fi ohùn ránṣẹ́ sí mi pé wọ́n ti di ọfà 340, wọ́n á fi wébìlì gbé e sí gáréèjì Kàbbà lọ́jọ́ Ẹtì. Mo gbàdúrà fún un. Mo fi iṣẹ́ oko sílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Kàbbà, mo jókòó sí gáréèjì títí ọkọ̀ Èkó fi wọlé. Awakọ̀ tú ìwé ẹrù rẹ̀, kò sí orúkọ mi níbẹ̀. Mo pe arábìnrin náà, kò gbé e. Mo pe iléeṣẹ́ yín, ẹni tó gbé e bi mí pé, “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?” Ohùn arábìnrin náà ṣì wà lórí fóònù mi, ọ̀gá mi. N kò tíì pa á rẹ́.

Ọmọkùnrin tó bá mi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn ló jẹ́ kí n mú kálàmù. Mo ṣàlàyé fún un pé ọfà náà rọ̀ jù fún ọrun mi. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Baba, 500 ju 340 lọ. A tiẹ̀ fi kún un fún yín ni.” Mo ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ mi, wo àtẹ tí àwọn tó ṣe ọfà tẹ̀ sára páálí. Ó ní àwọn tó wà nígboro ò ráhùn, pé kí n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta ọfà, tàbí kí n padà sídìí ìbọn ṣákábùlà mi. Ó sì gé fóònù mọ́ mi létí.

Ọ̀gá mi, ọdẹ ni bàbá mi, ọdẹ ni bàbá tó bí i. Kí n tó mọ ìwé kà ni mo ti ń fa ọrun onígi. Ọmọ tí mo lè bí lọ́mọ ló ń sọ fún mi pé n kò mọ ọfà ta, nítorí iléeṣẹ́ rẹ̀ ti gba owó mi tán.

Ẹ bá mi ka èyí sí i létí. Nọ́ńbà ara ọfà kì í ṣe nọ́ńbà agbára. Wọ́n á gbé ọfà lé orí nǹkan méjì tó jìnnà síra ní íńṣì 28, wọ́n á so ohun tó wúwo tó páùn 1.94 mọ́ ọn láàárín, wọ́n á wá wọn bó ṣe tẹ̀ wálẹ̀ tó. Èyí tó bá tẹ̀ ní ìdajì íńṣì ni 500. Èyí tó bá tẹ̀ ní íńṣì 0.340 ni 340. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga ni ọfà ń rọ̀. Èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ni ní físíìsì ní Kàbbà jọ so ọfà yín wò, ó tẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́. 500 ni lóòótọ́. Ọrun tí wọ́n ń fà ní páùn 40 sí 50 ló wà fún, kì í ṣe ọrun tí ẹ tà fún mi.

Kò sì sí ohun tí wọ́n ní kí n ṣe tí n kò ṣe. Wọ́n ní kí n sún ibi tí ọfà jókòó lé, mo sún un díẹ̀díẹ̀ sọ́tùn-ún, mo dá a padà sósì. Mo yẹ ọsán ọrun wò, mo yẹ àwọn àgbá òkè àti ìsàlẹ̀ wò bóyá wọ́n jọ ń yí lásìkò kan náà. Mo yí ọfà kọ̀ọ̀kan lórí èékánná láti mọ̀ bóyá orí rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo na bébà síwájú ara mi ní nǹkan bíi mítà 2, mo ta ọfà gbà á kọjá. Ọfà tó bá ń lọ tààrà, ihò kan ṣoṣo ló ń lu, tòun ti ojú ìyẹ́ rẹ̀. Ọfà yín ń fa bébà ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, ohun yòówù kí n sún. Tí mo bá fi orí ṣóńṣó tí a fi ń dánra wò sí i, ìyẹ́ ìdí rẹ̀ máa ń rí i tọ́ sọ́nà kó tó dé ibi tí mo fojú sùn. Tí mo bá wá fi orí abẹ tí a fi ń pa ẹran sí i, abẹ á di afẹ́fẹ́ mú níwájú, á máa bá ìyẹ́ ẹ̀yìn du ìdarí, ọfà á sì yà kúrò lójú ọ̀nà.

Bó ṣe yà nìyẹn tó fi bá ẹtu kan nítan dípò àyà. Ẹtu náà sá wọgbó pẹ̀lú ọfà lára. Mo tọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, n kò rí i. Ọdẹ tó mọ iṣẹ́ kì í fi ẹran sínú ìrora lọ sùn. Èyí ń dùn mí ju owó tí mo san lọ.

Ewu tún wà níbẹ̀ fún èmi náà. Ọfà kábọ̀nù tó bá rọ̀ jù fún ọrun lè fọ́ ní kété tí ọsán bá tì í, kí èérún rẹ̀ wọ ọwọ́ tí a fi di ọrun mú. Mo sọ èyí fún òṣìṣẹ́ yín. Èsì tó fún mi ni pé kí n gbé ọrun náà wá sí Èkó.

Èkó! Ṣé ẹ̀yin náà kì í gbọ́ ìròyìn ọ̀nà wa ni? Bí mo bá gba Ẹ̀gbẹ̀ sí Èrúkù, ọ̀nà àwọn ajínigbé ni. Bí mo bá gba Kàbbà, kò sàn ju ìyẹn lọ. Bí Ọlọ́run bá sì yọ mí lọ́wọ́ wọn, kí ni kí n sọ fún sójà tó bá ní kí n sọ̀ kalẹ̀, tó bá ọrun àti ọfà nínú ẹrù mi? Pé iléeṣẹ́ kan ní Èkó ló di ọfà tí kò yẹ, tó ní kí n fi ẹ̀mí mi gbé e padà?

Ẹ jọ̀wọ́, ohun tí mo ń béèrè nìyí. Ẹ fi ọfà 340 tí mo sanwó rẹ̀ ránṣẹ́ sí gáréèjì Kàbbà, kí ẹ̀yin san owó ọkọ̀ rẹ̀, kí awakọ̀ kan náà gba ti 500 padà fún yín. Bí ẹ kò bá ní in, ẹ dá owó ọrun àti ọfà padà lódindi, nítorí ọrun tí kò ní ọfà, ọ̀pá lásán ni. Mo sì fẹ́ kí ọmọkùnrin yẹn tọrọ àforíjì nínú ìwé, kí ẹ̀yin ọ̀gá rẹ̀ fọwọ́ sí i.

Mo fún yín ní ọjọ́ 14 láti ọjọ́ tí ìwé yìí bá tẹ̀ yín lọ́wọ́. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ohùn arábìnrin yẹn, ìwé owó yín àti àwòrán ọfà náà ń lọ sọ́dọ̀ àjọ FCCPC tó ń gbèjà oníbàárà. Òfin ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní ti ọdún 2018 fún mi lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tí kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ padà, kí n sì gba owó mi. Màá tún gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ẹgbẹ́ ọdẹ wa. Àwọn ọdẹ Yàgbà, Ìjùmú àti Bùnú ń bi mí lọ́wọ́lọ́wọ́ níbi tí mo ti ra ọrun yìí, torí àwọn náà fẹ́ rà. N kò tíì dárúkọ yín fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn ọjọ́ 14, màá dárúkọ yín, màá sì sọ gbogbo ohun tí ẹ ṣe.

Ẹ má pè mí lórí fóònù mọ́. Èsì tí mo bá lè dì mú lọ́wọ́ nìkan ni mo fẹ́.

Èmi ni,
Oníbàárà yín tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí ìwé owó inú àpò yìí.