Lẹ́tà sí Àǹtí mi tó ń taṣọ n'Iléṣà

Àǹtí mi,

Ẹ kú ọjà o, mà. Mo ti gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù. Ẹ ní kí ló ń ṣe àwọn obìnrin tó ń kọ ìwé tí mò ń kà yìí, tó jẹ́ pé ẹjọ́ ọkọ nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n rò. Ẹ ní bí ọkọ kò bá dáa, kí wọ́n kó ẹrù wọn, kí wọ́n yé pariwo rẹ̀ fún aráyé. Ẹ pa mí lẹ́rìn-ín. Àmọ́ ẹ má bínú, mà, mi ò gbà. Ẹjọ́ ọkọ kọ́ ni mò ń rí nínú ìwé wọn, ọ̀rọ̀ owó ni. Ta ló san án, ta ni wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?

Ẹ wo Buchi Emecheta. Ọmọ Ìbúzà, ìlú àwọn Ìgbò, ni, ṣùgbọ́n Èkó ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1944. Nínú ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀, The Joys of Motherhood, tó jáde lọ́dún 1979, Nnu Ego wá bá ọkọ l'Ékòó. Nnaife, ọkọ rẹ̀, ń fọṣọ fún òyìnbó ní Yaba. Nnu Ego ń ta sìgá, ó ń ta ìṣáná, nígbà tó yá ó ń ta igi ìdáná, kí àwọn ọmọ lè rí nǹkan jẹ, kí wọ́n sì lè lọ sílé ìwé. Ẹ mọ irú òwò bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ẹni tó ń ṣe é kì í rí èrè rẹ̀ kó pa mọ́. Nígbà tó yá, ọmọbìnrin wọn kan sá lọ bá ọmọ alápatà tó jẹ́ Yorùbá bíi tiwa. Nnaife fa àdá yọ sí wọn, ọ̀rọ̀ di ti kóòtù. Ibẹ̀ ni lọ́yà ti bi Nnu Ego pé ta ní ń san owó ilé ìwé àwọn ọmọ. Ó ní Nnaife ni. Lọ́yà ò fi í sílẹ̀: ìwọ tí ò ń tajà kiri ńkọ́? Ó jẹ́wọ́ pé lóòótọ́, òun lòun ń san án, àmọ́ Nnaife ló ni òun, nítorí náà, Nnaife náà ló san án.

Mo ní láti pa ìwé náà dé ná. Obìnrin yìí dúró níwájú adájọ́, ó fi ẹnu ara rẹ̀ kó gbogbo làálàá rẹ̀ fún ẹlòmíràn, kò sì sí ẹni tó fi ipá mú un. Irọ́ kọ́ ló ń pa. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti ka owó nìyẹn.

Mariama Bâ, ará Senegal, kò jẹ́ kí tirẹ̀ ka owó bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà gígùn ni ìwé rẹ̀, Une si longue lettre, tí wọ́n tẹ̀ ní Dakar lọ́dún 1979 yẹn kan náà. (Modupé Bodé-Thomas ló tú u sí Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ wo orúkọ yẹn, tiwa ni!) Tíṣà ni Ramatoulaye. Ọkọ rẹ̀, Modou, kú, òun náà wà nínú tákàbá, ó ń kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, Aissatou. Modou ti fẹ́ Binetou, ọ̀rẹ́ ọmọ wọn, lé e. Ẹkún ni mo rò pé mo máa bá níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, mo bá ẹkún, àmọ́ mo bá ìṣirò náà. Ilé tí tọkọtaya jọ fowó pamọ́ rà ni Modou fi dúró ní báńkì, tó fi yáwó ra ilé fún ìyàwó kékeré. Ó rán àwọn àna tuntun lọ sí Mẹ́kà. Ó ń fún Binetou ní 50,000 fáráǹkì lóṣooṣù kó lè fi ilé ìwé sílẹ̀.

Ramatoulaye kò tíì jáde nínú tákàbá tí Tamsir, ẹ̀gbọ́n olóògbé, fi dé láti ṣú u lópó. Ẹ ó fẹ́ràn ojú ìwé yẹn! Ramatoulaye ka ilé Tamsir fún un lójú ara rẹ̀: ìyàwó rẹ̀ kan ń rẹ aṣọ, èkejì ń ta èso, ẹ̀kẹta ń yí ẹ̀rọ ìránṣọ tọ̀sán-tòru. Àwọn ló ń bọ́ ilé tí Tamsir ń pè ní tirẹ̀.

Ìwé kan wà tí kò bá ohun tí mò ń sọ mu tán, Stay With Me ti Ayọ̀bámi Adébáyọ̀, tó jáde lọ́dún 2017. N'Iléṣà yín níbẹ̀ ni. Yejide ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ṣe irun, Akin ń ṣiṣẹ́ ní báńkì. Owó ò wọ́n wọn, ọmọ ni wọ́n ń wá. Akin náà ń fẹnu ara rẹ̀ sọ tirẹ̀, ó sì láṣìírí. Mi ò ní tú u fún yín.

Emecheta ni mo tún fẹ́ padà sí, torí ó sọ ìgbésí ayé rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nínú Second-Class Citizen (1974), ó sọ ara rẹ̀ ní Adah. Owó Adah ló gbé Francis dé Lọ́ńdọ̀nù, Francis ń kàwé, ó ń fìdí rẹmi, ó sì wá dáná sun ìwé tí ìyàwó ń kọ. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí Emecheta gan-an nìyẹn. Ó jókòó tún un kọ, The Bride Price sì jáde lọ́dún 1976. Nígbà tó wá fi orúkọ ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú Head Above Water, lọ́dún 1986, ìwé tó kà, iṣẹ́ tó ṣe, àwọn atẹ̀wé tó kọ̀ ọ́ àti bó ṣe tọ́ ọmọ márùn-ún ló tẹnu mọ́. Ṣé ẹ ò ní jẹ́ kí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ṣírò owó rẹ̀ síta ni?

Àǹtí, ibi tí mò ń lọ rèé. Níbi gbogbo àríyá ẹbí wa, wọ́n á ní Bọ̀ọ̀dá ló rán wa níwèé. Ẹ̀yin náà á mi orí, ẹ á ní "Bẹ́ẹ̀ ni o, Ọlọ́run á san án fún wọn." Mo mọ̀ pé ìwé àwìn yín ṣì wà nísàlẹ̀ àpótí aṣọ, àtoríṣìíríṣìí ohun tí ẹ yọ lára owó ọjà kọ sẹ́yìn rẹ̀. Tí mo bá wálé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n ya fọ́tò rẹ̀, pàápàá ojú ìwé ọdún tí mo wọ yunifásítì. Tí Bọ̀ọ̀dá bá gbọ́, ẹ ní èmi ni mo béèrè.

Èmi ni, ọmọ yín.